Ẹ̀rọ Ata Kò Jìnnà Sílé: Ohun Tí Máṣíìnì Kọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ìfẹ́ máṣíìnì, ìyẹn alùpùpù, wà lára yín bíi tèmi, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi aṣọ gbé ọ̀tún kọ́ mi lọ́rùn. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ṣubú ní Àjàṣẹ́-Ìpo níbí, n kò sì tíì sun oorun àsùnwọra.

Kékeré ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wa kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá mi ní Òró. Ẹsẹ̀ mi ò ká a láti orí ìjókòó, abẹ́ irin àárín ni mo máa ń na ẹsẹ̀ gbà, màá sì máa wà á lóròó. Bàbá mi rí mi, kò nà mí. Ó ní kí n ṣáà má já ṣéènì òun. Nígbà tí mo di tíṣà, Honda C70 ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, irin tí wọ́n máa ń fún kí wọ́n tó yí jíà. Lẹ́yìn náà ni mo ra Bajaj Boxer. Mo ti gùn ún dé Ọ̀fà, dé Òmù-Àrán, dé Ìlọrin, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò. Ẹ má sì sọ fún mi pé obìnrin kì í gun máṣíìnì. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, òun ló gbé àwọn ọmọ mi lọ síléèwé.

Ata ni mo lọ lọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ata kò jìnnà sílé wa rárá. Mo gbé àṣíborí lé híjáàbù, n kò so okùn abẹ́ àgbọ̀n, torí ó máa ń há mọ́ híjáàbù, mo sì ní lọ́kàn mi pé mò ń bọ̀ kíá. Nígbà tí mò ń padà, mo fi ike ata kọ́ ọwọ́ máṣíìnì. Ẹnìkan tó ń kọ́lé ti da yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sì ti tàn dé ojú ọ̀dà. Ibi tí mo ti ń yà wọ àdúgbò wa ni ewúrẹ́ kan ti já síwájú mi. Mo fún bíréèkì iwájú, lórí yanrìn, pẹ̀lú ọwọ́ máṣíìnì tí mo ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táyà yọ̀ bí ẹni tẹ omi ilá.

Ìró àṣíborí mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́: kó, kó, kó, ó ń yí lọ níwájú mi. Lẹ́yìn náà ni etí mi tó kanlẹ̀. Mo fẹ́ lajú, iná jó mi. Ata ti dà sí mi lójú, ó dà sí mi nímú, ó dà sójú ibi tí ara ti bó. N kò ríran. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò tíì kú, táyà ẹ̀yìn ń pòyì. Obìnrin kan figbe ta: "Yéè! Ìyá Ìbejì ti kú o!" Ó rí ata pupa lórí híjáàbù mi, ó rò pé ọpọlọ ló tú. Mo fẹ́ sọ pé n kò kú, ohùn ò jáde. Mo na ọwọ́ òsì sórí láti wá àṣíborí, aṣọ tútù nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí sí Ọlọ́run nínú ọkàn mi, bí ẹni tó ń kú lọ ṣe ń ṣe.

Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan ló pa ẹ́ńjìnnì, tó bu omi ṣan ojú mi. Eegun èjìká ló kán, wọ́n sì rán etí mi. Àlùháńdùlíláà, ó ń san.

Okùn, okùn, okùn. Òun ni mo tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Àṣíborí tí okùn rẹ̀ ò dì, òun ni yóò kọ́kọ́ fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sọ àṣíborí di dandan fún ọlọ́kadà, tí àwọn kan ń gbé igbá àti ìkòkò lérí. Èmi ra ojúlówó, tó ní fóòmù líle nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí n kò so ó, kí ni mo fi sàn ju ẹni tó gbé igbá lérí lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo híjáàbù, ẹ wọ èyí tó kéré, ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù, kẹ́ ẹ wá so okùn lé e. Mo ti dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dì dáadáa.

Ní ti yanrìn, ẹ dẹwọ́ iná kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú dúró ṣánṣán, kẹ́ ẹ rọra fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ o, mo ti fi kọ́ ẹlòmíràn rí. Ewúrẹ́ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi rántí. Ẹ má fi ẹrù kọ́ ọwọ́ máṣíìnì náà, ó máa ń fa ọwọ́ sápá kan. Ẹ dì í mọ́ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ká ní mo so okùn ni, ewúrẹ́ ìbáà já, yanrìn ìbáà wà, etí mi ì bá má kanlẹ̀.

Àwọn àbúrò mi ní kí n ta máṣíìnì, pé mo ti dàgbà jù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Wọn ò mọ ohun tí atẹ́gùn òwúrọ̀ láti Àjàṣẹ́ sí Òró ń ṣe fún ara mi.

Bàbá Ìbejì kò sọ nǹkan kan. Ó lọ gba máṣíìnì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lánàá, wọ́n ti na ọwọ́ rẹ̀. Àṣíborí tuntun wà lórí ìjókòó nígbà tó tì í wọlé. Okùn rẹ̀ gùn díẹ̀, mo ní kó bá mi fà á kúrú.