Mọ́tò méjì tó jọra: ohun tí iṣẹ́ rìwáyà kọ́ mi nípa kọ́kọ́rọ́ àti dáṣíbọọ̀dù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ rìwáyà, iṣẹ́ àtúnṣe iná mọ́tò, pàápàá ẹ̀yin tí fúrídọ̀mù yín kò jìnnà mọ́, irú iṣẹ́ kan wà tí ẹ ò ní pẹ́ bá pàdé ní Abẹ́òkúta níbí. Oníbàárà ní Camry tí kílọ́ọ̀kì dáṣíbọọ̀dù rẹ̀, èyí tó ń ka eré àti epo, ti kú, tí rédíò rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wá rí òmíràn tó ti kọlu nǹkan, tí iwájú rẹ̀ ti run pátápátá, ó rà á ní owó pọ́ọ́kú, ó ní kí wọ́n wọ́ ọ dé ṣẹ́ẹ̀dì yín. "Ọ̀gá rìwáyà, mọ́tò kan náà ni o. Ẹ ṣáà yọ gbogbo inú èyí sínú tèmi, títí dórí kọ́kọ́rọ́."

Mọ́tò kan náà kọ́. Ìta ló jọra. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan skrúù kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí mọ́tò yẹn ń tọ́jú àṣírí rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á tú dáṣíbọọ̀dù méjì láàárọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a, kò sì ní sí èyí tó sítáàtì nínú méjèèjì.

Orí kọ́kọ́rọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ òde òní ń ṣe, ọ̀kan ò sì kan èkejì. Irin rẹ̀ ń yí iginíṣọ̀n, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn. Rìmóòtù ń ti ilẹ̀kùn láti òkèèrè. Chip inú orí rẹ̀ ló ń fi ara rẹ̀ han mọ́tò. Chip yìí kò ní bátìrì. Òrùka wáyà kan wà tó yí ẹnu iginíṣọ̀n ká. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, òrùka yẹn á fi agbára rédíò kékeré, nǹkan bíi 125 kHz, jí chip náà, chip á dá a lóhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Immobilizer, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sítáàtì fún kọ́kọ́rọ́ tí kò mọ̀, á wò ó bóyá nọ́ńbà náà wà lára àwọn tí òun mọ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, á gbà kí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, fún un ní epo àti iná. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lè yí i títí bátìrì á fi kú.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá sọ fún yín pé bátìrì kọ́kọ́rọ́ òun ló kú, òun ni mọ́tò ò ṣe sítáàtì, ẹ rọra dá a dúró. Nínú mọ́tò tí wọ́n ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ tí wọ́n ń yí, ti rìmóòtù ni bátìrì yẹn. Mọ́tò yẹ kó sítáàtì láìsí i.

Ibi tí nọ́ńbà yìí ń gbé ló ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Nínú Toyota kan, inú brain box gan-an ló wà. Nínú òmíràn, ó ní àpótí tirẹ̀ tó fara pamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Nínú Golf 4 ti Volkswagen, inú kílọ́ọ̀kì dáṣíbọọ̀dù ló wà, kílọ́ọ̀kì kan náà tó ń ka eré àti epo! Ẹ yọ kílọ́ọ̀kì Golf 4 kan sínú Golf 4 mìíràn láì ṣe nǹkan kan sí i, ẹ́ńjìnnì á sítáàtì, á sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti torí ìyẹn ra pọ́ǹpù epo tuntun fún mọ́tò tí pọ́ǹpù rẹ̀ ò ní àìsàn kankan. Toyota ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀: ó sábà máa ń yí, yóò máa yí, kò ní sítáàtì, iná sẹ́kúrítì pupa á sì máa ṣẹ́jú. Ti Honda, àmì kọ́kọ́rọ́ aláwọ̀ ewé á máa ṣẹ́jú lójú dáṣíbọọ̀dù. Ẹ máa wo iná wọ̀nyí kí ẹ tó tú ohunkóhun, lára mọ́tò méjèèjì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé.

Èyí tó bá mọ ara wọn ni kí ẹ jọ gbé. Bí ẹ bá máa gbé brain box láti inú mọ́tò tó run, ẹ gbé àpótí immobilizer rẹ̀ pẹ̀lú, bó bá dá wà, kí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òwò tí kò lérè ni kí èèyàn ra brain box lọ́tọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́, bó ti wù kí ẹni tó ń ta sípéà búra tó pé "á wọlé." Á wọlé lóòótọ́. Sítáàtì ni kò ní sítáàtì.

Irin ńkọ́? Irin kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó run ò lè ṣí ilẹ̀kùn oníbàárà yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ torí ìyẹn tú ilẹ̀kùn mẹ́rin. Chip nìkan ni kí ẹ kó. Ẹ fi abẹ tín-ín-rín la orí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó ti lẹ̀ pọ̀, kì í ṣe láti àárín. Nínú àwọn kan, chip jẹ́ ègé dúdú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tẹ́. Nínú àwọn mìíràn, ó jẹ́ ìgò róbótó tín-ín-rín tó máa fọ́ bí ẹ bá fi skrúdíráfà tì í. Bó bá ti fọ́, ó tán nìyẹn. Ẹ mú un sínú orí kọ́kọ́rọ́ tuntun tí wọ́n ti gé irin rẹ̀ bá ilẹ̀kùn oníbàárà mu, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo á wá ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń fi téèpù lẹ chip mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùka iginíṣọ̀n, tí wọ́n á ní iṣẹ́ parí. Olè tó bá wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ò ní wàhálà kankan, irin nìkan ló kù kó wá.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ brain box yìí ti yàtọ̀: nínú àwọn Toyota tí àpótí immobilizer wọn dá wà, bó bá jẹ́ brain box nìkan lẹ pààrọ̀, ọ̀nà kan wà tí ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ fi wáyà so ihò 4 àti 13 pọ̀ lára sókẹ́ẹ̀tì tí a ń ki skánà bọ̀ nísàlẹ̀ sítíárì, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò mọ̀ tan iginíṣọ̀n láì sítáàtì, ẹ fi sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Kí bátìrì kún dáadáa o. Ẹ má sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ìlú tí wọ́n ti kó mọ́tò wá náà ṣe kókó. Ní Yúróòpù, òfin ti sọ immobilizer di dandan fún mọ́tò tuntun láti 1998. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 2007. Amẹ́ríkà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá wù ló ń fi sí i, ó sì lè wà nínú èyí tó wọ́n kó má sí nínú èyí tó rọjú. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin kan níbẹ̀ máa jí Kia àti Hyundai bí ẹni já ewé ní 2021 àti 2022 nìyẹn: ọ̀pọ̀ nínú wọn, irin lásán ló ń yí wọn. Nítorí náà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà àti tòkunbọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Obáńtokò, ọ̀kan ní chip, èkejì ò ní. Rìmóòtù wọn gan-an ò gbọ́ èdè ara wọn: ti Amẹ́ríkà sábà máa ń wà lórí 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433. Kò sí bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ tí á gbà.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsí. Mẹ́tàdínlógún ni ó máa ń jẹ́. Èyí tó ṣáájú sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, 1, 4 àti 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, W ni Jámánì. Camry tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Kentucky ni wọ́n ti tò ó. Ṣùgbọ́n J nìkan ò sọ ibi tí wọ́n ti tà á, torí Japan ń kó mọ́tò lọ sí Amẹ́ríkà náà. Ẹ wo sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ wo kílọ́ọ̀kì bóyá máìlì ló fi ń ka eré tàbí kìlómítà. Lẹ́yìn náà ẹ dojú ohun tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ bolẹ̀ kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára Toyota, 89661 ló ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà brain box, 83800 ni ti kílọ́ọ̀kì dáṣíbọọ̀dù, 86120 ni ti rédíò. Nọ́ńbà márùn-ún tó tẹ̀lé e ló ń sọ irú èyí tó jẹ́ gan-an. Bí wọn ò bá bára mu, sókẹ́ẹ̀tì lè wọlé kí wáyà inú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ fi tẹ́sítà wá iná àti áàtì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tì í.

Ti kílọ́ọ̀kì yìí ṣì kù díẹ̀. Máìlì tí mọ́tò ti rìn wà nínú rẹ̀, ó sì máa bá a lọ. Mọ́tò tó ti rìn jìnnà á dà bí ọmọdé lójijì. Ẹ kọ iye ti àtijọ́ àti iye ti tuntun sórí rìsíìtì, kí oníbàárà fọwọ́ sí i, kó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ọ̀la ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ bá wọn dá a padà sẹ́yìn. Èmi kì í ṣe é, mi ò sì kí í ṣàlàyé púpọ̀ fún wọn.

Rédíò rọrùn jù. Kóòdù rẹ̀ ń tẹ̀lé rédíò ni, kì í tẹ̀lé mọ́tò. Honda á béèrè kóòdù bí ẹ bá ti yọ bátìrì, Golf á kọ SAFE. Ẹ béèrè káàdì kóòdù lọ́wọ́ ẹni tó ta mọ́tò náà kí ẹ tó yọ bátìrì, ó parí.

Ẹ́yàbáàgì ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré. Sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń jẹ́ yẹ́lò. Ẹ yọ ẹnu négétífù bátìrì, kí ẹ dúró ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 90, bí ìwé Toyota ṣe wí, torí iná ṣì wà ní ìpamọ́ nínú àpótí rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó ń kánjú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ẹ́yàbáàgì lélẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ òkè. Wáyà pẹlẹbẹ tó ká lẹ́yìn sítíárì, ẹ to táyà iwájú gún kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ dá a padà sí àárín níbi tí àmì rẹ̀ ti bára mu. Bí ẹ bá fi sí i lódì, á já ní ọjọ́ tí dírẹ́bà bá kọ́kọ́ yí sítíárì dé òpin.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ rárá, pátíkúlà mọ́tò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níwájú yín, kí nọ́ńbà ṣáàsí ìwé bá ti ara mọ́tò mu. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn olè mọ́tò pẹ̀lú ń wá kiri. Ẹni tó ní òun ò ní ìwé, pé ẹ ṣáà ṣe é kí òun sanwó, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Bí ẹ bá gbé àpótí mọ́tò tó run sínú ti oníbàárà, gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí àpótí yẹn mọ̀ ló ṣì mọ̀, títí kan èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, tí ẹ ò rí rí. Ẹ fi skánà wo iye chip tó wà nínú rẹ̀. Ẹ pa àwọn tí kò sí lórí tábìlì rẹ́, kí ẹ dán àwọn tó kù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú oníbàárà, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bó bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú ọ̀kan sí ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ̀ ọ́.