Màmá Elda Anderson ló gba ọkàn mi lónìí

Gbogbo ọjọ́ òní, Màmá Elda Anderson ṣáá ni mò ń rò, ẹni tó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán bíi ti X-ray. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí X-ray á mọ báàjì kékeré tí wọ́n máa ń fi há àyà. Láyé ijọ́un fíìmù ló ń wà nínú ẹ̀, bí rédíéṣọ̀n bá ṣe ń bà á ló ṣe máa dúdú tó, tí wọ́n bá wá fọ fíìmù yẹn tán wọ́n á mọ iye tí onítọ̀hún ti gbà sára. Rédíéṣọ̀n ò ṣeé fojú rí, kò rùn, kì í sábà dunni lójú ẹsẹ̀, àfi kéèyàn ní nǹkan tó ń bá a ṣọ́ ọ.

Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Màmá sí lọ́dún 1899. Olùkọ́ físíìsì ni wọ́n, wọ́n gba PhD ní 1941, Ogun Àgbáyé Kejì wá gbé wọn dé Los Alamos níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, ọwọ́ wọn sì ni uranium-235 (irú uranium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù) pọ́nńbélé àkọ́kọ́ ní láàbù yẹn ti jáde. Ogun parí, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́, àmọ́ wọn ò pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé o. Lọ́dún 1949 wọ́n kó lọ sí Oak Ridge ní Tennessee láti máa darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fáwọn tó máa dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rédíéṣọ̀n, iṣẹ́ ọ̀hún ṣì tuntun nígbà yẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀ rárá. Má pẹ́ nítòsí ẹ̀, jìnnà sí i, fi nǹkan dí i, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn, torí téèyàn bá sún sẹ́yìn débi pé ó jìnnà sí ohun kékeré tó ń tú u jáde ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kàn án. Wọ́n kọ́ àwọn èèyàn ní Stockholm ní 1955, ní Belgium ní 1957, ní Mumbai ní 1958.

Ní 1956 ni àwọn dókítà sọ fún Màmá pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bẹ lára wọn. Ẹ tún wo Belgium àti Mumbai yẹn wò. Àìsàn ti dé kí wọ́n tó lọ! Wọ́n tún ṣe ààrẹ Health Physics Society, ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ rédíéṣọ̀n, láti 1959 sí 1960, wọ́n sì kú ní 1961. Ẹgbẹ́ yẹn ṣì ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ kan lórúkọ wọn, àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ náà ni wọ́n sì ń fún, ó dùn mọ́ mi pé ọ̀dọ́ ni.