Mo Háyà Alùpùpù Lọ Bu Omi Òkun: Láti Hue dé Nha Trang

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò mi, bàbá mi kò bèèrè aṣọ, wọn kò sì bèèrè fóònù. Orí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkèṣà, ní Iléṣà, ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi sọ fún mi pé, "Bí o bá dé etí òkun tí ò ń sọ yẹn, bá mi bu díẹ̀ bọ̀ nínú omi rẹ̀." Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú wọn, mo rí i pé kò sí eré níbẹ̀. Kò sí ọmọ Iléṣà tí a kò sọ ìtàn Ajíbógun fún ní kékeré: bí ojú Odùduwà ṣe fọ́, bí Ifá ṣe ní omi òkun ni a óò fi wò ó, bí àbúrò ṣe forí la ọ̀nà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹ́ rìn, tí ó sì bu omi náà dé lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ogún tán. Idà ni ó kàn án, orúkọ tí ó sì gbà ni Obòkun, ẹni tí ó bu òkun. Ọmọ Obòkun ni wọ́n ń pe gbogbo wa títí di òní, bẹ́ẹ̀ ìlú wa jìnnà sí òkun, èmi tí mo sì ti pé ẹni ọdún 34 kò tíì fojú kan òkun ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ní Èkó ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì.

Etíkun Vietnam gùn ju 3,200 kìlómítà lọ, láti ẹnubodè Ṣáínà ní àríwá títí dé ẹnubodè Kàmbódíà ní gúúsù, mi ò sì ní ju ọjọ́ 11 lọ. Nítorí náà, àárín rẹ̀ ni mo mú: kí n háyà alùpùpù ní ìlú Hue, kí n máa tẹ̀lé òkun lọ sí gúúsù, kí n sì parí rẹ̀ sí Nha Trang, ìrìn tí ó lé ní 600 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú irin náà wà, wọ́n sì dára. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ni bàbá tí ó bí bàbá mi. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà wá lóṣù tí ó tẹ̀lé e láti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà wọn títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá. Wọ́n máa ń sọ pé ìlú tí ènìyàn bá fi mọ́tò kọjá, kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé dání lọ sí Hue.

Obìnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá odò ni ó háyà Honda Wave fún mi, oní 110 cc, ní 150,000 dong lójúmọ́, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí dọ́là mẹ́fà. Kí n tó sanwó, mo gùn ún yí àdúgbò náà ká, mo sì rí i pé bíréèkì ẹ̀yìn kò mú dáadáa. Ó ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Mo ní mi ò lè gbé e gun òkè bẹ́ẹ̀. Ó pe mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ bíréèkì náà lójú mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí kò gbọdọ̀ tijú láti dán bíréèkì, iná, fèrè àti táyà wò, kí ó sì ya àwòrán gbogbo ibi tí ara alùpùpù náà ti bó, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bèèrè owó ohun tí kò bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹni tí yóò gun èyí tí ó ju 50 cc lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí ó kan alùpùpù gan-an. Ìwé àṣẹ mọ́tò nìkan kò tó. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni akoto sì ti di dandan ní gbogbo ọ̀nà fún awakọ̀ àti ẹni tí ó gbé sẹ́yìn. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ìyá arúgbó tí ń gbé ewébẹ̀ lọ sọ́jà dé tirẹ̀, nítorí mo ti bá wọn sin ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà tí akoto ì bá gbà là.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ojú mi kò ní ẹ̀kọ́ tuntun láti kọ́. Fèrè ni mo kọ́. Ẹni tí ó bá fun fèrè sí ọ níbẹ̀ kò bú ọ. Ó ń sọ fún ọ pé òun wà lẹ́yìn rẹ ni.

Kí obìnrin náà tó bèèrè orúkọ mi ni ó ti bèèrè ọjọ́ orí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé, pẹ̀lú fóònù tí ń túmọ̀ èdè, pé bí òun kò bá mọ̀ ọ́n, òun kò ní mọ bí òun yóò ṣe pè mí. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti di chị, ẹ̀gbọ́n obìnrin, tí èmi sì di em, àbúrò. Orúkọ ẹbí ni wọ́n fi ń dípò "èmi" àti "ìwọ": anh ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bác ni ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ti ìyá ẹni, bà ni ìyá àgbà, àjèjì tí ń ta ọsàn létí títì pàápàá sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀kan nínú wọn kí ọ̀rọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí mo bá pàdé lọ́nà ń ráhùn pé èyí ṣòro. Èmi kò rí ìṣòro kankan níbẹ̀, nítorí ta ni nínú wa tí yóò pe ẹni tí ó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ ní orúkọ lásán? Ohùn tún wà pẹ̀lú. Èdè olóhùn ni tiwọn bíi tiwa, àmọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń kà níbi tí àwa ti ń ka mẹ́ta, débi pé "ma" kan ṣoṣo lè jẹ́ iwin, ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ibojì, ó sì lè jẹ́ ẹṣin. Ohùn tí a fi pè é ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Mo kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sórí bébà fún un, mo sì pè wọ́n. Ó gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pè wọ́n padà láìṣì kan.

Hue sí Da Nang tó 100 kìlómítà. Ní Lang Co, níbi tí iyanrìn ti la ọ̀sà àti òkun láàrin, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ òkè, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005, tí ó gùn ju kìlómítà mẹ́fà lọ. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbà, wọn kì í sì í jẹ́ kí a gun alùpùpù wọ inú rẹ̀. Èkejì ni ọ̀nà àtijọ́ tí ó gun òkè Hai Van, nǹkan bí 20 kìlómítà tí ó kún fún kọ́nà. Ẹni tí ó bá ti gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹfọ̀n-Alààyè rí yóò mọ irú kọ́nà tí mò ń sọ, àfi pé ní ti Hai Van, bí o bá wo ìsàlẹ̀, òkun ni o óò rí, pẹ̀lú ojú irin tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta lókè omi. Jíà kejì ni mo fi gùn ún. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni òkun àti ìkùukùu, ó sì rò mọ́ ọn, nítorí pé bí mo ṣe ń gòkè ni kùrukùru ń nípọn sí i, títí mo fi tan iná tí mo sì ń fun fèrè ní gbogbo kọ́nà. Apá kan òkè Truong Son tí ó na ọwọ́ wọ inú òkun ni Hai Van. Ó ń dí afẹ́fẹ́ tútù tí ó ń bọ̀ láti àríwá lọ́nà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé aṣọ òtútù ni mo wọ̀ gòkè, tí mo sì bọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn ní apá kejì.

Ní ṣónṣó rẹ̀, tí ó ga tó 496 mítà, ni ẹnubodè tí wọ́n mọ ní ọdún 1826 wà, láyé ọba Minh Mang. Àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Amẹ́ríkà tún mọ ilé ìbọn tiwọn síbẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹni tí ó bá di òkè yìí mú ni ó di ọ̀nà àríwá àti gúúsù mú. Mo jókòó lórí bíríkì àtijọ́ náà fún wákàtí kan. Mo ronú nípa àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì tí ń kọjá nínú òkùnkùn lábẹ́ mi, tí wọn yóò dé Da Nang ṣáájú mi, tí wọn kò sì ní mọ̀ pé òkè kan wà. Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò di bíréèkì mú fún ìgbà pípẹ́. Jíà ni mo fi dẹwọ́ eré, nítorí bíréèkì tí ó bá gbóná jù kì í mú mọ́.

Mo yára kọjá Da Nang. Hoi An, ìlú èbúté àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà àti Japan ń ná, tí UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 1999, ni mo sùn sí fún ọjọ́ méjì, nítorí pé ìlú aránṣọ ni. Ọmọ ọmọ òṣómàáló kò lè rí àtẹ aṣọ kí ó má dúró. Mo rán ẹ̀wù kan: wọ́n wọ̀n mí ní òwúrọ̀, ó sì délẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ jù ní ìlú náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni n ó ti bu omi bàbá mi.

Láti Hoi An sí Quy Nhon fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, ọjọ́ méjì ni mo sì fi rìn ín. Mo sá fún òpópónà ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dù, mo ń gba ọ̀nà tóóró láàrin oko ìrẹsì àti abúlé apẹja. Ní ọjọ́ kejì, táyà ẹ̀yìn jò. Mo tì í títí mo fi rí ilé kan tí wọ́n gbé táyà àlòkù kọ́ sí iwájú rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ ilé fọganáísà níbẹ̀, bí a ti ń mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà Iléṣà sí Òṣogbo. Bàbá àgbàlagbà kan jáde, wọ́n yọ tíúbù, wọ́n rì í sínú abọ́ omi, wọ́n wo ibi tí ó ti ń hó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Mo pè wọ́n ní ông, bàbá àgbà, mo sì pe ara mi ní cháu, ọmọ ọmọ. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ké sí ìyàwó wọn pé kí ó wá gbọ́. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi dé: ìrẹsì, ẹja díndín, àti abọ́ kékeré tí nuoc mam wà nínú rẹ̀. Ẹja kéékèèké àti iyọ̀ ni wọ́n ń tò sínú àgbá fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún odidi ọdún kan, kí omi pupa yìí tó jáde nínú rẹ̀. Ìyàwó wọn ń wo imú mi bóyá n ó yí i. Ẹni tí ó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń se irú kò ní yí imú sí nuoc mam. Òórùn méjèèjì ń sọ ohun kan náà, pé ọbẹ̀ ti fẹ́ẹ́ jinná.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni bàbá náà mú mi lọ sí ilé òrìṣà kékeré kan nítòsí etí omi, níbi tí wọ́n kó egungun àbùùbùtán sí. Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í pa àbùùbùtán. Ông ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí mo fi pe bàbá onítáyà, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ó máa ń gbé ọkọ̀ ró nígbà tí ìjì bá fẹ́ rì í. Bí òkú rẹ̀ bá gúnlẹ̀, wọn yóò sin ín, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i ni yóò sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí ọkùnrin ti ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì kí i. Ní ilé, Olókun ni ẹnu mi ì bá pè.

Gúúsù Quy Nhon ni ọ̀nà ti wà létí òkun jù lọ. Ní Song Cau, ojú omi kún fún àgò tí wọ́n fi ń sin edé ńlá, àwọn tí ń bọ́ wọn sì ń wa ọkọ̀ ọparun róbótó tí a hun bí agbọ̀n, tí a fi oje igi dí ojú rẹ̀ kí omi má baà wọlé; àjẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò síwá-sẹ́yìn, ọkọ̀ náà a sì máa lọ tààrà. Ó yà mí lẹ́nu títí mo fi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ganh Da Dia, àpáta tí àwọn òpó dúdú rẹ̀ ní igun bí afárá oyin, tí wọ́n tò mọ́ra bí àwo tí a kó lé ara wọn. Ilẹ̀ yíyọ́ tí ó gbóná láti inú ayé ni ó ṣàn kan òkun, tí ó tutù, tí ó súnkì, tí ó sì sán bẹ́ẹ̀.

Mo sùn sí Tuy Hoa, mo gun òkè Ca kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo sì sọ̀ sí etí òkun Dai Lanh bí oòrùn ti ń yọ. Àwọn obìnrin méjì ń ṣa ẹja kúrò nínú àwọ̀n. Kò sí ẹlòmíràn. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo rìn wọ inú omi dé orúnkún, mo sì rì ìgò náà. Ìgò kékeré ni, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà ju 100 mílílítà lọ nínú àpò tí a bá gbé lọ́wọ́, n kò sì fẹ́ fi omi yìí sínú ẹrù tí ojú mi kò ní tó. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fi ọwọ́ bèèrè ohun tí mò ń ṣe. Mo sọ ọ̀rọ̀ wọn díẹ̀ tí mo mọ̀, bố, bàbá, mo sì gbé ìgò náà sókè. Ó mi orí bí ẹni tí kò rí ohun àjèjì níbẹ̀, ó sì padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Nha Trang, wọ́n fa epo inú alùpùpù náà gbẹ, wọ́n fi páálí yí i ká, wọ́n sì gbé e lé ọkọ̀ ẹrù padà sí Hue. Ó dùn mí bí ìgbà tí mò ń sin ẹnìkan.

Ní alẹ́ tí mo dé Iléṣà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ìgò náà fún bàbá mi. Wọ́n gbé e sókè sí iná, wọ́n ṣí i, wọ́n da ẹ̀kán méjì sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi ahọ́n tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ni lóòótọ́." Wọ́n ní kí n gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá wọn tí ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bèèrè pé èló ni mo ní wọ́n ń gbà lórí alùpùpù náà lójúmọ́.