Ibi tí iná kékeré ti ń ṣìnà kó tó dé ọpọlọ

Ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta lára èèyàn ti di bárakú. Nígbà míì ọgbẹ́ tó dá a sílẹ̀ ti jinná, síbẹ̀ ara ò yéé dunni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùṣèwádìí kan fi sọ ọ́ di iṣẹ́ ayé wọn láti fi iná mànàmáná díẹ̀ tọ́jú ìrora láti orí, láìfi abẹ kan agbárí. Ní tèmi, ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ mọ téèpù, omi iyọ̀ àti irun lò dáadáa. Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bàjẹ́ jù.

Inú iṣẹ́ abẹ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1991, Tsubokawa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi irin tó ń gbé iná sábẹ́ agbárí, sórí apá ọpọlọ tó ń pàṣẹ pé kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mira, ìrora sì dínkù. Ní 2000, Nitsche àti Paulus ní Göttingen, Jámánì, fi hàn pé mílíámpíà 1 péré láti òkè awọ orí lè yí bí apá yẹn ṣe ń jí padà, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti paná. Nígbà tó di 2006, Felipe Fregni, ọmọ Brazil tó ń ṣiṣẹ́ ní Boston, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára èèyàn 17 tí okùn inú eegun ẹ̀yìn wọn fara pa: mílíámpíà 2, ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ 5 léraléra. Ara tu àwọn tó gba iná gidi ju àwọn tó gba afarawé lọ, ìyẹn àwọn tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lórí bí ẹni pé iná ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwọ̀n. Ẹ fi téèpù wọ̀n láti ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì dé kókó eegun ìpàkọ́, kí ẹ sàmì sí àárín rẹ̀. Ẹ tún wọ̀n láti iwájú etí kan, gba àtàrí kọjá, dé iwájú etí kejì. Ibi tí àárín méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ń pè ní Cz. Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síhà etí ní ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n etí sí etí. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, sẹ̀ǹtímítà 7.2 nìyẹn. C3 wà lápá òsì, C4 lápá ọ̀tún, lókè apá ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún ọwọ́. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ń dun aláìsàn, C3 ni rọ́bà tó ń gbé iná láti ẹnu pósítíìfù ẹ̀rọ ń lọ, torí ọpọlọ apá òsì ló ń darí ara apá ọ̀tún. Rọ́bà ti nẹ́gẹ́tíìfù á wà níwájú orí, lókè ojú ọ̀tún. Orí èèyàn ò dọ́gba, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fojú díwọ̀n.

Fóòmù tí wọ́n fi ń bo rọ́bà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ní fífẹ̀, 7 ní gígùn. Bó bá kéré sí i, iná kan náà á rọ́ sójú kan, á sì ta èèyàn. Omi iyọ̀ ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, omi lásán ò dáa: ó ti dá egbò sí awọ orí àwọn kan. Kí iyọ̀ inú lítà 1 má ju nǹkan bíi gírámù 8 lọ. Bí fóòmù bá gbẹ, iná á ṣòro kọjá, á sì máa jóni. Bí omi bá ń kán, iná á tẹ̀ lé omi lọ síbi tí ẹ ò fẹ́.

Irun wa nìyí o. Òróró àti ìpara orí máa ń dí iná lọ́nà, irun tó nípọn sì ń gbé fóòmù sókè kúrò lára awọ. Ẹ fi ooya onígi tàbí oníke ya irun títí awọ orí á fi hàn kedere, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ rẹ ibẹ̀ kí fóòmù tó jókòó. Nípa títẹ́tí sí ọpọlọ, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gba iná tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń mú jáde, Arnelle Etienne àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Carnegie Mellon, Pittsburgh, fi hàn ní 2020 pé tí wọ́n bá di irun lọ́nà tí awọ orí fi hàn níbi tí wọ́n fẹ́, ohun tí wọ́n ń gbọ́ á já gaara. Kí wọ́n yọ èèyàn kúrò nínú ìwádìí nítorí irun orí rẹ̀ kò tọ́ rárá, ìdidì ló yẹ kí wọ́n kọ́.

Afarawé náà nira ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀rọ á gbé iná sókè fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, á sì rọra paná, torí ìbẹ̀rẹ̀ ni awọ ti ń yúnni jù. Ṣùgbọ́n O'Connell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2012 pé ní mílíámpíà 2, àwọn tó ń gbà á lè mọ̀ bó bá jẹ́ iná gidi, awọ tó pọ́n sì ń tú àṣírí fún ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò. Nítorí náà, ẹni tó ń béèrè ìrora láti 0 sí 10 kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó yọ fóòmù.

Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń ta ọpọlọ jí ní ẹ̀rí tó lágbára jù: ìtọ́sọ́nà tí dókítà ará Faransé kan, Lefaucheur, ṣáájú ní 2020 fún un ní ipò tó ga jù lọ fún ìrora tó ń wá láti ara okùn ìmọ̀lára tó bàjẹ́. Ti 2017 tó dá lórí iná kékeré kò fún àìsàn kankan ní ipò yẹn. Ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì wọ́n, ó sì tóbi, ó sì lè fa gìrì. Ẹni tó ní irin nínú orí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn; ẹni tó ní wárápá, kí dókítà kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ẹ má fi bátìrì fólítì 9 ṣe é nílé, kò sí ohun tó ń mú iná dúró sójú kan bí awọ ṣe ń yí padà. Bí ojú fóòmù bá sì fi egbò sílẹ̀, ẹ dá a dúró títí yóò fi jinná.