Ohun tó ń jẹ àwo orin bàbá mi

Bí ìnáwó bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn àgbà kan ṣì máa ń sọ pé àwo ni kí a fi kọ orin fún àwọn, nítorí pé ohùn inú fóònù kì í kún etí wọn. Èmi ni wọ́n sábà máa ń pè, torí pé ọwọ́ mi ni àwo bàbá mi wà: ti Yusuf Olatunji, ti Haruna Ishola, ti Orchestre Poly-Rythmo, àti àwọn kéékèèké tó ń yí nígbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ti fọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́. Àwo sákárà ni, ibi tí ìlù ti kọ́kọ́ wọlé ni mo sì máa ń gbé abẹ́rẹ́ lé, tí n óò máa fa àwo náà síwá sẹ́yìn, kásíkì létí mi, títí orin tó ń lọ lọ́wọ́ níta yóò fi parí. Kò ju bí ọdún méjì lọ tí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà fi ń ho ṣọ̀ọ̀ bí ìgbà tí a da àkàrà sínú epo gbígbóná, bẹ́ẹ̀ iyókù mọ́ kedere. Díámọ́ńdì ni orí abẹ́rẹ́, ike ni àwo. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ poro kan ṣoṣo lójoojúmọ́, etí ebè yóò wó.

Láti ìgbà náà, mo máa ń lẹ bébà tín-ín-rín mọ́ àárín àwo, kí ojú mi lè rí ibi tí ìlù ti wọlé dípò kí n fi abẹ́rẹ́ wá a lẹ́ẹ̀mẹwàá. Abẹ́rẹ́ olórí roboto ni mo sì ń lò, nítorí pé èyí tí orí rẹ̀ mú a máa ha poro, ìyẹn ìlà inú àwo tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀, bí a bá fà á sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì mú jù. Àwọn kan a gbé ẹyọ owó ọgọ́rùn-ún fáráǹsì lé orí apá ẹ̀rọ kí abẹ́rẹ́ má baà fò, bẹ́ẹ̀ owó náà nìkan wúwo ju ìlọ́po méjì gíráàmù 3 tí abẹ́rẹ́ tèmi ń fẹ́. Àwọn mìíràn a dín in kù, wọ́n rò pé àwọn ń ṣàánú àwo. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù kì í jókòó, ńṣe ni yóò máa ta sí ògiri poro lọ́tùn-ún lósì, yóò sì máa là á. Iye tí ìwé abẹ́rẹ́ bá kọ ni mo ń fún un, mo sì ń fi òṣùwọ̀n kékeré irú ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n ọ́n.

Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá; mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a kúrò kí abẹ́rẹ́ tó balẹ̀. Àwo ayé àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 kò gbọdọ̀ rí ọtí, nítorí pé ṣẹ́láàkì ni, ọtí a sì máa yọ́ ọ. Ẹnì kan bi mí bóyá sódábì (ògógóró) lè fọ̀ ọ́. Mo ní kí ó mu sódábì rẹ̀.

Ní ti àwọn tí mo ní ẹyọ kan péré, mo ti gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, àwo Serato, àwo tí kò ní orin nínú tó kàn ń darí kọ̀ǹpútà náà, ni mo sì ń yí lóde. Kò sí àgbà kankan tó tíì fura: wọ́n rí àwo tó ń yí, wọ́n sì ní ohùn náà kún etí.