Ọ́ìlì tó ń bá irinṣẹ́ lọ láti ara katakata kan sí òmíràn
Bí a bá tú irinṣẹ́ kúrò lára katakata kan tí a sì so ó mọ́ òmíràn, ọ́ìlì tí pọ́ǹpù katakata ń tì láti mú irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, tó sì ṣẹ́ kù nínú họ́ọ̀sì àti sílíńdà rẹ̀, yóò dà pọ̀ mọ́ ti katakata kejì, pẹ̀lú ìdọ̀tí yòówù tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ katakata, ọ́ìlì yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú gíà. Ìdí nìyí tí n kò fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Eruku tí ojú lásán kò lè rí ti tó láti ha inú pọ́ǹpù. Mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, kí n dẹ agbára inú họ́ọ̀sì, kí n sì fi aṣọ mímọ́ tí kì í yọ òwú nu orí ìsopọ̀ méjèèjì kí n tó so wọ́n. Ọ́ìlì tó bá funfun bíi wàrà ti gba omi sára.