Mo Kàn Dákẹ́ Ni

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, iná ò sì tíì dé. Mo jẹ ẹ̀bà, mo lọ jókòó sójú fèrèsé. Iṣẹ́ òní ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí nínú ọkọ̀ tó gbé mi láti Sángo, kò sì tíì jáde. Ọmọkùnrin kan jókòó níwájú, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Èmi ò dalẹ̀ ẹ o. Mo kàn dákẹ́ ni." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ara ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Ó sọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Mi ò rí ojú ẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ nìkan ni mo rí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun.

Mo kàn dákẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí, ẹ mọ ibi tí mo máa ń sá lọ tí nǹkan bá ń jẹ mí lọ́kàn. Bátìrì kọ̀ǹpútà ṣì kù díẹ̀, ni mo bá tún wo A Better Tomorrow, fíìmù Hong Kong tí John Woo ṣe ní 1986. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti wò ó mọ́. Mo rò pé ọkàn mi á balẹ̀. Kò balẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, Mark ni mo máa ń wò. Lónìí, Shing ni mo ń wò. Ho àti Mark jọ wà nínú òwò ayédèrú owó, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Ho mú Shing, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà, dání lọ sí Taiwan, àṣé wọ́n ti dẹ pàkúté dè wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá ká wọn mọ́, Ho jọ̀wọ́ ara ẹ̀ kí Shing lè ráyè sá lọ. Ó lo ọdún 3 lẹ́wọ̀n. Ó di apá ìparí kí Shing tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun lòun ta Ho lọ́jọ́ náà. Ẹni tó tà á ló fara ẹ̀ sílẹ̀ fún! Gbogbo ọdún 3 yẹn, Shing gbọ́, Shing mọ̀, Shing ò wí nǹkan kan. Ó ń wọ kóòtù olówó ńlá, ó ti di ọ̀gá. Ẹ bi í nígbà yẹn, bóyá òun náà á ní òun kàn dákẹ́ ni.

Rárá, mi ò ṣe é dáadáa. Shing tà á. Títà yàtọ̀ sí dídákẹ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Waise Lee ló ṣe Shing. Òun náà ni John Woo tún mú ní 1990 láti ṣe Paul nínú Bullet in the Head, ó sì dùn mí fún ọkùnrin náà pé ojú ẹ̀ ti di ojú ọ̀dàlẹ̀ lọ́kàn mi. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ dàgbà nínú ìṣẹ́ ní Hong Kong sá lọ sí Saigon ní Vietnam lásìkò ogun. Àpótí góòlù kan bọ́ sí Paul lọ́wọ́, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé góòlù ló ń gbé, kò gbé ọ̀rẹ́ mọ́. Ọta ìbọn ba Frank, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, ó ń ké, àwọn ọ̀tá sì wà nítòsí. Paul yìnbọn sí i lórí kó lè dákẹ́. Kó lè dákẹ́! Frank ò sì kú. Ọta náà jókòó sínú agbárí ẹ̀, oògùn olóró ló ń fi pa ìrora ẹ̀, èèyàn ló sì ń pa láti rówó oògùn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dá a dúró. Mi ò lè wo Jacky Cheung, tó ṣe Frank, nínú ipò yẹn kí n má mí kanlẹ̀.

Ẹ ò ní wo fíìmù Hong Kong pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ère ọkùnrin kan, ojú ẹ̀ pupa, irùngbọ̀n ẹ̀ gùn dé àyà, tùràrí ń rú èéfín níwájú ẹ̀. Guan Yu ni, ọ̀gágun ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́. Ìtàn sọ pé òun àti Liu Bei àti Zhang Fei dá májẹ̀mú nínú ọgbà igi píìṣì, pé bí wọn ò tilẹ̀ bí àwọn lọ́jọ́ kan náà, kí ikú pa àwọn lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn Hong Kong ń bọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ náà ń bọ ọ́ nínú tẹ́ṣàn wọn. Tiwa, ilẹ̀ ni. A mulẹ̀, a dalẹ̀, ilẹ̀ kan náà ló gbọ́ méjèèjì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ rí o. Àmọ́ tí èèyàn bá ti ń jẹun nílé ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ fún ọdún 13, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ bu sínú omi kó tó mu...

Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ Mark. Ọkùnrin tó ń fi owó ayédèrú ṣáná sí sìgá níbẹ̀rẹ̀, tí Chow Yun-fat wọ kóòtù gígùn fún bí ọba. Torí Ho ló ṣe lọ gbẹ̀san ní Taiwan, ó kó ìbọn pamọ́ sínú ìkòkò òdòdó lọ́nà àbájáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Nínú lẹ́tà tó ń kọ sí Ho lẹ́wọ̀n, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, nǹkan ń lọ dáadáa. Ho jáde, ó ń wa takisí, ó wá rí i. Irin wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó ti di ẹni tí Shing ń rán níṣẹ́. Ó jókòó níbi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, ó ń jẹ ìrẹsì inú páálí, ó tẹrí ba sórí oúnjẹ náà bí ẹni tí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Mark náà dákẹ́, àbí? Ọdún 3 gbáko ló fi dákẹ́ nínú lẹ́tà. Nínú Infernal Affairs, fíìmù Hong Kong ti 2002, pàápàá, ọ̀gá ọlọ́pàá tó mọ orúkọ ẹni tó ń bá a ṣamí, wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sílẹ̀ láti orí ilé gogoro, kò dárúkọ ọmọ náà. Ìdákẹ́ nìyẹn, mi ò sì rí ẹni tó lè pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí mo rántí ìyẹn lálẹ́ yìí, ara mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ò rí i, dídákẹ́ ò burú.

Kò pẹ́ tó fi tún wúwo padà. Mark ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e lọ, ó yí i padà wá bá Ho. Níkẹyìn, ó di àbúrò Ho tó jẹ́ ọlọ́pàá mú, ó ń pariwo mọ́ ọn, ó ń rò fún un pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti san gbogbo gbèsè tó jẹ. Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ló wà tí ìbọn Shing fi bà á. Ìyà tara ẹ̀ ló dákẹ́ lé lórí. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò lè dákẹ́, ẹnu ẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ nígbà tó kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mi ò tíì kọ ọ́ síbí. Níbi iṣẹ́, wọ́n bi gbogbo wa léèrè lórí tábìlì ta ló mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ti fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá létí tẹ́lẹ̀. Èmi mọ̀. Ojú mi ló ṣe é. Ó yíjú sí mi, kò ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Mo wo bírò ọwọ́ mi. Bírò búlúù ni, ìdérí ẹ̀ ti sọnù, ìdí ẹ̀ ní àpá eyín mi. Mo wo àpá eyín yẹn títí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Mi ò purọ́ mọ́ ọn. Mi ò tà á. Mo ní àwọn ọmọ tí mò ń san owó ilé ìwé wọn, mo ní...

Kò tíì bínú sí mi. Ó kàn ń kí mi "ẹ káàárọ̀" báyìí. Àwa tí a kì í bá ara wa sọ "ẹ".

Kúlà ìyá ọ̀rẹ́ mi ṣì wà ní kíṣìnnì mi láti ìgbà àìsàn mi, mọ́ínmọ́ín ni màmá fi ránṣẹ́ nínú ẹ̀. Mo ti tún un fọ̀ lálẹ́ yìí pẹ̀lú iná fóònù, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Òórùn ewé eéran ò tíì tán níbi rọ́bà ìdérí ẹ̀. Sátidé ni mo fẹ́ gbé e lọ fún wọn, bí òjò ò bá rọ̀. Màmá á bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀, n ó gbé e lọ.